Báwo lèèyàn ṣe ń bá introvert kẹ́gbẹ́ láìni ín lára?

Àkànkẹ́_Oníbéèrè:

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní introvert, ìyẹn àwọn tí èrò àti ariwo tètè máa ń sú, pàápàá béèyàn ṣe lè bá wọn ṣe ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ó ń fi ipá mú wọn.

Ẹ wò ó báyìí: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìlá ni. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń kóra jọ lẹ́yìn iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti gbádùn ara wọn. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní wá lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá sì wá, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dìde. Nínú ìpàdé, wọn kì í lanu. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà á sì mọ́gbọ́n dání ju èyí tí gbogbo àwọn tó pariwo lánàá sọ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé:

1. Ṣé ìgbéraga ni, àbí ìtìjú, àbí nǹkan míì? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìyàtọ̀?
2. Ṣé kéèyàn máa pè wọ́n nìṣó ni, àbí kó fi wọ́n sílẹ̀?
3. Irú àpèjọ wo ló bá wọn lára mu: iye èèyàn, iye wákàtí, irú ibi?
4. Kí la lè yí padà nínú ìpàdé kí ọ̀rọ̀ wọn lè jáde níbẹ̀ gan-an?

Ẹ jọ̀wọ́, ohun téèyàn lè ṣe ni kí ẹ sọ fún mi. "Ẹ ṣe sùúrù fún wọn" nìkan ò tó.

Atúpalẹ̀_Ìwà:

Ẹ kú ìbéèrè o, Àkànkẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo máa dúró lé lórí, torí béèyàn bá ṣì í dáhùn, àwọn tó kù á wọ́ tẹ̀ lé e.

Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, ló sọ ọ̀rọ̀ introvert di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1921 lórí onírúurú ìwà ẹ̀dá. Ohun tó ń wò ni ibi tí ọkàn èèyàn máa ń kọjú sí, bóyá inú ara rẹ̀ ni tàbí ìta. Lọ́dún 1967, Hans Eysenck tó ń ṣiṣẹ́ ní London gbé àlàyé míì wá. Ó ní apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń mú kí ọpọlọ wà lójúfò, àti pé ti introvert ti wà lójúfò dáadáa kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ rárá. Nítorí náà, ariwo díẹ̀, èrò díẹ̀, ó ti tó o. Extrovert, ìyẹn ẹni tó fẹ́ràn èrò, ní tiẹ̀ ń wá ohun tó máa ta á jí. Wọ́n tiẹ̀ fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù dán ọ̀rọ̀ náà wò: wọ́n kán an sórí ahọ́n èèyàn, wọ́n sì wọn itọ́ tó jáde. Itọ́ àwọn introvert ló pọ̀ jù. Ìwádìí tó wáyé lẹ́yìn ìgbà yẹn ò ti gbogbo àlàyé Eysenck lẹ́yìn, àmọ́ ibi tó wúlò fún wa ṣì dúró: ariwo kan náà, yàrá kan náà, kì í wọ gbogbo èèyàn lára bákan náà.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ò fi bẹ́ẹ̀ pín èèyàn sí ọ̀nà méjì mọ́. Ìwà pàtàkì márùn-ún ni wọ́n ń wọ̀n, extraversion, ìyẹn béèyàn ṣe jẹ́ extrovert tó, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó dà bí gíga èèyàn: àwọn kan kúrú, àwọn kan ga, àmọ́ àárín ni ọ̀pọ̀ jù lọ wà. Ìwà kan yìí fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀ka. Ìfẹ́ láti wà láàárín èrò wà níbẹ̀, ìgboyà láti sọ tẹnu ẹni wà níbẹ̀, ìyára, ìfẹ́ ohun tó ń mórí yá, ìtúraká síni, àti kínú èèyàn tètè máa dùn. Àwọn ẹ̀ka yìí kì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́nì kan fi lè sá fún èrò, síbẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ku ẹ̀yin méjì, ẹ ò ní rí ẹni tó túra ká tó o.

Ìtìjú yàtọ̀. Onítìjú fẹ́ wá, ẹ̀rù ojú èèyàn ni kò jẹ́ kó wá. Introvert lè má fẹ́ wá, láìsí ẹ̀rù kankan ńbẹ̀. Lọ́dún 1981, Cheek àti Buss fi hàn pé béèyàn ṣe ń tijú tó àti béèyàn ṣe ń fẹ́ ẹgbẹ́ tó, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tára ń ni jù lọ nínú àwọn tí wọ́n wò ni àwọn tó ń tijú tí wọ́n sì tún ń fẹ́ ẹgbẹ́.

Béèyàn bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, kó wo ìgbà tí ìnira náà ń dé. Ti onítìjú máa ń le jù kí àpèjọ tó bẹ̀rẹ̀ àti ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ojú bá ti mọ ojú, ara á tù ú, nígbà míì òun gan-an ló máa kẹ́yìn níbẹ̀. Introvert lè wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, kó báni sọ̀rọ̀ dáadáa fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdáhùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tójú rẹ̀ á máa lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kó tún wo ọjọ́ kejì. Introvert tó jókòó sílé kì í kábàámọ̀, ó tiẹ̀ lè máa fi ìdùnnú sọ ohun tó fi àkókò náà ṣe. Onítìjú á máa wádìí ẹni tó wá, ohun tí wọ́n sọ, àti bóyá wọ́n dárúkọ òun.

Ní ti ìgbéraga, agbéraga máa ń ṣa irú èèyàn tó ń bá rìn. Kò ní ráyè fún ẹni tó rò pé òun jù lọ, àmọ́ ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá. Introvert ò wo ipò, bí èrò ṣe pọ̀ tó àti bí ibẹ̀ ṣe ń pariwo tó ló ń wò. Ẹ fi ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù nínú ẹgbẹ́ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa ṣe.

Ẹ má sì gbára lé àwọn ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fúnni ní lẹ́tà I (introvert) tàbí E (extrovert). Ẹni tó wà láàárín lè gba I lónìí kó gba E lóṣù tó ń bọ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀.

Ṣàkó:

Gbogbo àlàyé yìí dáa, àmọ́ ẹ fàwọn èèyàn yẹn lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Àgbà ni wọ́n. Ẹni tó bá wù á wá.

Ohun tó ń lé wọn sá gan-an ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kẹ́nì kan pariwo pé "Háà, ẹ wo ẹni tó wá lónìí!" Tàbí kí wọ́n bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn pé "Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Kò sí ìdáhùn tó dáa sí ìbéèrè yẹn. Bó bá ní kò sí nǹkan, wọ́n á ní ó ń bínú. Bó bá sì ṣàlàyé, ó ti di ẹni àpéwò nìyẹn. Ẹ jáwọ́ nínú méjèèjì, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ìyá_Ètò:

Ṣàkó ọmọ mi, mo gbà fún ọ lórí "kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́" yẹn. Àmọ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ kẹ̀? Mi ò gbà. Ẹni tí wọ́n pè tó ní òun ò ní wá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí wọn ò pè mọ́, àwọn ẹlòmíì ló bá a pinnu. Kò sì sẹ́ni tí kì í mọ ìgbà tí wọ́n ti yọ orúkọ òun kúrò.

Ìdí míì tún wà tó fi yẹ kéèyàn máa pè wọ́n. Lọ́dún 2002, William Fleeson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé lásìkò téèyàn bá ń sọ̀rọ̀, tó ń ṣe bí ọlọ́yàyà, inú rẹ̀ máa ń dùn sí i, ì báà jẹ́ introvert. Nígbà tó di 2013, John Zelenski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Canada rí i pé àwọn introvert kì í retí pé àwọn máa gbádùn ẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń gbádùn ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Torí náà, "mi ò rò pé màá wá" lè jẹ́ ohun tó rò kó tó débẹ̀ nìkan.

Ẹ má tíì yọ̀ jù o, torí apá kejì rèé. Ìwádìí Leikas àti Ilmarinen ní Finland, tó jáde lọ́dún 2017, fi hàn pé inú èèyàn dùn lásìkò tó ń ṣọ̀yàyà lóòótọ́, àmọ́ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́. Introvert àti extrovert ni èyí sì ń ṣe. Lọ́dún 2019, wọ́n ní káwọn èèyàn kan ní Ọsirélíà máa ṣe bí extrovert fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó jìnnà sí extrovert jù lọ ò jèrè tó àwọn tó kù, ó rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n sì ń rò pé àwọn ò ṣe bí ara àwọn. Ẹ rí i báyìí pé wákàtí kan àbọ̀ tó dùn ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni. Kéèyàn máa ṣe é lójoojúmọ́ láìsinmi ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ fi ìwé pè wọ́n, kì í ṣe ní gbangba níbi tí gbogbo ojú wà. Ẹ jẹ́ kó ku ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ìpè ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń kọ̀ jù, torí wọ́n ti ro ohun tí wọ́n máa fi ìrọ̀lẹ́ yẹn ṣe. Ẹ kọ aago tó máa bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ aago tó máa parí, ẹ kọ iye èèyàn àti orúkọ wọn, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Fún àpẹẹrẹ:

"Ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ jókòó pọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago márùn-ún àbọ̀ sí aago méje, nínú yàrá kékeré tó wà lókè. Mẹ́rin la máa jẹ́, mo ti kọ orúkọ gbogbo wa sísàlẹ̀. A máa ta káàdì díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tètè lọ lè lọ. Bí kò bá ní rọrùn fún yín, ẹ kàn kọ 'rárá' sí mi, kò nídìí kẹ́ ẹ ṣàlàyé."

Ẹ dúró lórí ohun tẹ́ ẹ kọ o! Ibi tí ọ̀pọ̀ olùṣètò ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Wọ́n á sọ pé èèyàn mẹ́rin ni, ẹni yẹn á débẹ̀ kó bá mọ́kànlá. Wọ́n á sọ pé aago méje ló máa parí, aago mẹ́sàn-án á lù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀, ẹ máa pè é títí, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ní ti iye èèyàn, Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí i lọ́dún 1995 pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà gba ju bí èèyàn mẹ́rin lọ. Bí ẹni karùn-ún bá dé, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa pín sí méjì. Nítorí náà, ẹ̀yin méjìlá, ìjókòó mẹ́ta ni. Ẹ to àga ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má tò ó yí gbogbo yàrá ká. Àga tó yí yàrá ká ló burú jù fún ẹni tí kì í fẹ́ ojú èèyàn lára, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ti di ọ̀rọ̀ fún èèyàn mọ́kànlá.

Ẹ din orin kù. Béèyàn méjì tí wọ́n jókòó tira bá ń gbé ohùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ra, ó ti pọ̀ jù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá míì tàbí ibi tó tẹ́jú lóde, kẹ́ni tó bá fẹ́ gbatẹ́gùn lè jáde láìsí pé ó ń dágbére. Iṣẹ́ kékeré náà máa ń ṣèrànwọ́: ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń pín káàdì, ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tó wọlé. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ń rí ìdí láti sún mọ́ èèyàn, ó sì ń rí ìdí láti kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n fún un ní yíyàn o, kí wọ́n má kàn gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọ̀kan tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ọkọ̀. Ẹni tó bá ẹlòmíì wá nínú ọkọ̀ ò lè lọ títí olówó ọkọ̀ fi máa dìde. Ìdí nìyẹn táwọn míì fi ń kọ̀ látilẹ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa padà sílé, kẹ́ ẹ sì bá a wá ọ̀nà tí kò so ó mọ́ ẹnì kankan.

Àkànkẹ́_Oníbéèrè:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ìbéèrè kẹrin ló kù, mo sì fẹ́ fi fóònù kún un. Kí ló dé tí wọn kì í gbé ìpè, àmọ́ tí wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ dáhùn lẹ́yìn wákàtí méjì?

Alága_Ìjókòó:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ti fóònù lóhùn, ó kúrú. Ìpè fóònù ń béèrè ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ ohun tó bá wá. Ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ á fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè kó tó gbé e. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣíwájú: "Mo fẹ́ pè yín lórí ìwé ìṣirò yẹn, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣé aago mẹ́ta dáa?" Ẹ má kọ "Ẹ pè mí" lásán, ìyẹn burú ju ìpè gan-an lọ, torí kò ní lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́ títí tó fi máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí pàjáwìrì: bẹ́ ẹ bá pè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò ṣeé dúró dè.

Ó ku ìpàdé. Lọ́dún 2009, Tanya Stivers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín ìgbà tẹ́nì kan sọ̀rọ̀ tán àti ìgbà tẹ́nì kejì dáhùn, nínú èdè mẹ́wàá káàkiri ayé. Ní ìpíndọ́gba, ó sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ dáhùn ti ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ò tíì dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀ kó tó ronú, àyè ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wà níkùn ẹ̀, ibi tó máa gbà jáde ni kò sí.

Mary Budd Rowe ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú kíláàsì ní Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ lórí ẹ̀ jáde lọ́dún 1974. Ó rí i pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ láti dúró fún mẹ́ta, ìdáhùn gùn sí i, àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré! Kí alága ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀ kó tó tún lanu. Ó máa ń gùn létí ẹni tó ń kà á ju bó ṣe rí lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó kà á lóòótọ́, kó má fojú bù ú.

Ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká jókòó ká máa ju èrò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan" náà ti ní ìwádìí lórí. Lọ́dún 1987, Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe ní Jámánì fi hàn pé àwọn tí wọ́n dá èrò wọn kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá kó o pọ̀, ń mú èrò wá ju iye èèyàn kan náà tó jókòó pọ̀ lọ. Ìdí tó lágbára jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó kù ń dúró, bí wọ́n sì ṣe ń dúró ni èrò tiwọn ń bọ́ lọ.

Torí náà, bí mo ṣe máa ní kẹ́ ẹ ṣe é nìyí. Kó ku odindi ọjọ́ kan, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jíròrò ránṣẹ́. Kó jẹ́ ìbéèrè ni, kó má jẹ́ àkòrí. "Ètò owó" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀. "Nínú nǹkan mẹ́ta tá a fẹ́ rà, èwo la lè fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀?" ṣeé rò. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún gbogbo èèyàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú ka tiẹ̀, ìṣẹ́jú kan fún ẹnì kan, láìsí ìjiyàn títí yóò fi kárí. Alága ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Bó bá kọ́kọ́ sọ tiẹ̀, gbogbo ohun tó kù á máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká.

Ẹ má pe èèyàn lójijì. Ẹ kìlọ̀ fún un: "Ẹni tó kàn ni ẹ̀gbọ́n wa yìí, lẹ́yìn náà ló máa kàn yín." Ìṣẹ́jú kan yẹn tó fún un láti to ọ̀rọ̀ pọ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di òfin pé ìpinnu ò tíì le títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dé lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn, ẹ fi wọ́n sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, bí ẹni pé inú yàrá ló ti sọ ọ́.

Ṣàkó:

Alága, ẹgbẹ́ wo ló ń ráyè ìṣẹ́jú márùn-ún ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Ìpàdé ti gùn tẹ́lẹ̀.

Alága_Ìjókòó:

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: márùn-ún láti kọ ọ́, méjìlá láti kà á, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lápapọ̀. Láàárín àkókò yẹn, ẹ ti gbọ́ èrò gbogbo èèyàn. Bẹ́ ẹ bá ṣe é ní ti "ta ló ní ọ̀rọ̀?", ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lè kọjá kẹ́ ẹ ṣì máa gbọ́ ohùn àwọn mẹ́ta kan náà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n má lo aago. Bẹ́nì kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹni tó kàn á gba márùn-ún, ọ̀rọ̀ yín á sì wá já sóòótọ́. Ẹ gbé aago fóònù sáàárín tábìlì, kí gbogbo ojú máa rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọ̀pọ̀ introvert lè dìde níwájú èrò kí wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìgbọ̀n. Wọ́n ti múra, wọ́n mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí, ẹnikẹ́ni ò sì ní já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má torí pé ẹnì kan dákẹ́ nínú ìpàdé yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó máa lọ ṣojú ẹgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọkàn:

Mo bá gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí wọ́n má fi "introvert ni" bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Béèyàn ṣe jẹ́ introvert sí kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí lára àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn lórí ìwà yìí tan mọ́ àjogúnbá. Jerome Kagan, onímọ̀ ìhùwàsí ní yunifásítì Harvard, wo àwọn ọmọ oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi nǹkan ìṣeré, ìró àti òórùn tuntun hàn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn ló ń jà pìtìpìtì tó sì ń ké. Lára àwọn wọ̀nyẹn làwọn ọmọ tó ń fà sẹ́yìn níwájú àlejò ti pọ̀ jù bí wọ́n ṣe ń dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn.

Nítorí náà, ìyípadà ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹni tó máa ń wá tẹ́lẹ̀, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ẹ má pè é ní introvert. Introvert tó wà nílé ṣì ń gbádùn ìwé rẹ̀, orin rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí àwọn nǹkan tó ń dá ṣe wọ̀nyẹn ò bá dùn mọ́ ọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ tún yí padà, ó lè jẹ́ ìsoríkọ́. Kó lọ rí oníṣègùn.

Ẹ̀rù àwùjọ tó ti di àìsàn náà wà. Ìwé ìlànà táwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 sọ pé ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fi orúkọ yẹn pè é: kéèyàn máa bẹ̀rù pé wọ́n á fojú burúkú wo òun, kó máa sá fún ibi tó nílò láti lọ, kí ó sì dí i lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́. Àyà tó ń lù kìkì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti òógùn máa ń bá a rìn. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́: wọ́n á jókòó bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń rò, wọ́n á sì máa mú un sún mọ́ ohun tó ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tì í sáàárín èrò lẹ́ẹ̀kan náà kí "ojú lè là á" kì í ṣe ìtọ́jú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ sọ ni pé introvert náà lè dá nìkan wà títí tó fi máa dùn ún. Ọ̀rẹ́ méjì lè tó o, àmọ́ òdo ò lè tó o.

Adákẹ́_Jẹ́jẹ́:

Gbogbo yín ń bá àwọn olùṣètò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó jẹ́ introvert tó ń ka èyí sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ìpè, ẹ kọ̀ ọ́ ní kíá, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan míì rọ́pò rẹ̀: "Mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí mi. Ṣé a lè jọ rìn díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, àwa méjì?" Kẹ́ ẹ má dá wọn lóhùn rárá ló máa ń mú kí wọ́n rò pé ẹ̀ ń gbéra ga. Àwáwí náà ò dáa, torí ẹni tó bá gbà pé orí fífọ́ ni á tún ní kẹ́ ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ tètè débẹ̀. Ó dà bíi pé òdìkejì ni, àmọ́ nígbà tó bá ṣì jẹ́ èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá, ẹ máa lè bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹni tó pẹ́ dé ló ń kó sáàárín ogún èèyàn tọ́rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ yín tán kẹ́ ẹ tó sinmi. Ní ìwádìí tí Thuy-vy Nguyen, Ryan àti Deci gbé jáde lọ́dún 2018, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìdáwà tó láti mú kí ara tó ń gbóná rọlẹ̀. Ìdùnnú tó ń mórí yá rọlẹ̀, ìbínú àti àníyàn náà rọlẹ̀. Ẹ jáde lẹ́yìn bíi wákàtí kan, kẹ́ ẹ padà wọlé. Ẹ má sì fi nǹkan tó nílò ọpọlọ sí wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ lé àpèjọ, torí ohun tí Ìyá Ètò sọ lórí ìwádìí Finland yẹn.

Bó bá tó àkókò àtilọ, olùpè nìkan ni kẹ́ ẹ dágbére fún. Ẹni tó bá ń yí yàrá ká láti dágbére fún èèyàn méjìlá máa lo ìdajì wákàtí sí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń fi "ẹ jókòó díẹ̀ sí i" mú èèyàn. Ẹ sọ fún olùpè nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé pé aago méje lẹ máa lọ. Bó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló máa bá yín ṣí ilẹ̀kùn.